Láptọ́ọ̀pù fún ìbejì tó wọ yunifásítì: èwo ló fúyẹ́ tí kò ní já wa kulẹ̀?

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi yọ̀, àwọn ìbejì mi ti wọlé. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ni Táyé wọ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Surveying and Geoinformatics, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n àti máàpù yíyà. Kẹ́hìndé kò kúrò ní Oǹdó níbí, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kà ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn.

Láptọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ rà fún wọn, èyí tí wọ́n á máa gbé lọ gbé bọ̀. Táyé kò lára, èjìká sì máa ń dùn ún láti ìgbà tó ti ń gbé báàgì ìwé ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìdí nìyí tí mo fi ń wá èyí tó fúyẹ́ dáadáa. ₦700,000 ni mo ní fún méjèèjì, kò sì sí ibi tí màá ti mú òmíràn wá títí ọjà ọdún á fi tà.

Ọmọkùnrin kan tó ní ìsọ̀ lójú ọ̀nà Adéṣidà ní Àkúrẹ́ ní kí n ra méjì tó bára mu, tuntun nínú páálí, pẹlẹbẹ báyìí. Ó wù mí lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n: ohun tí a bá rà fún Táyé la ń rà fún Kẹ́hìndé. Ṣé kí n san án?

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á wò wọ́n parí. Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn ya ara páálí náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni ẹ máa wò, RAM rẹ̀ (àyè tó fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́), àti ibi ìpamọ́ rẹ̀: ṣé SSD tó yára ni àbí eMMC?

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Ó ti fi ránṣẹ́. Celeron ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọpọlọ rẹ̀. RAM 4GB. eMMC 64GB. Ó ní Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, pé òun ló wà lóde báyìí.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, Màmá.

eMMC jẹ́ irú ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń fi sínú fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ó lọ́ra, wọ́n sì jó o mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ, ẹ ò lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i. RAM 4GB àti ìpamọ́ 64GB, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí Microsoft béèrè kí Windows 11 tó gorí ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò ní ìṣẹ́kù kankan tó máa fi ṣe iṣẹ́ míì. Tí ìmúdójúìwọ̀n (update) bá dé, yóò máa wá àyè tí kò sí. Kí Táyé tó ṣí AutoCAD, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán iṣẹ́, ẹ̀rọ á ti máa mí hẹlẹ.

Pé nǹkan wà nínú páálí kò ní kó lágbára. Ní ₦350,000 lórí ọ̀kan, tòkunbọ̀ gidi ni kí ẹ lọ wá, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì: EliteBook ti HP, Latitude ti Dell, ThinkPad ti Lenovo. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun máa ń lò wọ́n fún ọdún díẹ̀, wọ́n á kó gbogbo wọn tà lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè ra tuntun. Ibẹ̀ ni èyí tó ń dé Computer Village ní Ìkẹjà ti ń wá, láti ibẹ̀ ló sì ń gba ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa ní Àkúrẹ́. Ara wọn le, wọn kì í sì í wúwo, torí ẹni tó ń gbé e rìn láti ìpàdé kan dé òmíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Nọ́ńbà ìran ọpọlọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ máa rí nǹkan bíi i5-8250U tàbí i5-7200U. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ tẹ̀lé i5 yẹn ni ìran rẹ̀; tó bá jẹ́ 10 tàbí 11 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìran kẹwàá tàbí ìkọkànlá nìyẹn. 8 ni kí ẹ mú, tàbí èyí tó jù ú lọ. Ọlọ́jà á ní 7 àti 8, kí ló wà níbẹ̀? Nǹkan wà níbẹ̀ o. Ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017, ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi core mẹ́rin (apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú ọpọlọ) sínú irú i5 tí kì í jẹ iná púpọ̀ yìí. Méjì péré ló wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, Microsoft kò gba ìran keje wọlé sí Windows 11, àfi bíńtín, wọ́n sì ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹni tó bá ra ìran keje lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ló rà.

Àǹtí Alágbàká

Ẹ ṣé o, Bọ̀dá. Ti ọ́fíìsì wa tí mo ń lò, i5-6 ni. Kò tíì yọ mí lẹ́nu.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Àǹtí, lẹ́tà lẹ ń tẹ̀. Ẹ máa lò ó lọ. Ọmọ tó ń wọ 100 level báyìí ní ọdún márùn-ún níwájú.

Awọnlẹ̀ Kékeré

Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ̀ka tí Táyé wọ̀ yẹn ni mo wà, 300 level, nítorí náà mo lè sọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ní 100 level, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ló pọ̀ jù. Láptọ́ọ̀pù kò ní ṣe ju kí ó ka PDF kí ó sì tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá lọ. Ó di ìgbà tí ẹ bá dé àárín ẹ̀kọ́ kí iṣẹ́ gidi tó dé: AutoCAD, ArcGIS àti QGIS tí wọ́n jẹ́ ètò máàpù, fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù, kíkó àwòrán sátẹ́láìtì wọlé. AutoCAD àti ArcGIS Pro kò gbà kí RAM wà nísàlẹ̀ 8GB, tí àwòrán bá sì pọ̀ nínú iṣẹ́, 8GB náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ ra èyí tó ní 8GB báyìí, àmọ́ tí wọ́n lè fi kún RAM rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù ló gbà á. ThinkPad X1 Carbon fúyẹ́ gan-an, ìran kẹfà rẹ̀ kò ju bíi 1.13 kg lọ, àmọ́ wọ́n jó RAM rẹ̀ mọ́lẹ̀: 8GB tí ẹ bá rà, 8GB ló máa kú sí. EliteBook 840 G5, Latitude 7490 àti ThinkPad T480 ní ihò RAM méjì. Tó bá di 300 level, ẹ ra 8GB míì, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́, ó parí.

Ní ti ìwúwo: 840 G5 bẹ̀rẹ̀ láti 1.48 kg, 7490 wà ní bíi 1.4 kg, T480 lé díẹ̀ ní 1.5 kg, ó sì ń pọ̀ sí i tí ẹ bá fi bátìrì ńlá sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olójú 15.6 íǹṣì tó ń sún mọ́ 2 kg tàbí tó ń jù ú lọ pọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu, ìdajì kílò ló wà láàárín wọn. Ẹ gbé e láti Ọbakékeré dé Ọbańlá nínú ọgbà wa, nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ tó sọ fún mi pé kékeré ni.

Ohun kan tún wà. Lọ́jọ́ tí a bá jáde lọ wọnlẹ̀, total station, irinṣẹ́ tí a fi ń wọnlẹ̀, wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wà níbẹ̀, òpó ìwọ̀n wà níbẹ̀, èèyàn sì tún gbọ́dọ̀ gbé omi. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbé láptọ́ọ̀pù lọ rárá. Inú irinṣẹ́ la máa ń fi àwọn nọ́ńbà sí, a ó kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tí a bá dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ oko ìwọ̀n-ilẹ̀ ta láptọ́ọ̀pù tí kò ní fọ́ láé fún yín.

Bàbá Ìjàpó

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Ẹni tó fẹ́ máa ya máàpù, kí ló ń fi ojú kékeré ṣe? Ojú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, dígí ló kún ojú wọn. 15.6 ni kí ìyá wọn rà, kí ó sì ra báàgì tó dáa tí yóò gbé e. Kí ni gbogbo ariwo lórí ìdajì kílò? Ìwé Chambers tí àwa ń gbé rìn nígbà tiwa ńkọ́?

Awọnlẹ̀ Kékeré

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Òótọ́ ni pé ojú ńlá dára fún máàpù. Àmọ́ kì í ṣe bí ojú ṣe fẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ kí èèyàn rí nǹkan. Iye àmì tíńtín (pixel) tó wà lójú ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ 15.6 olówó pọ́ọ́kú jẹ́ 1366 nípa 768: ojú fẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹ máa rí lórí ẹ̀ kò tó èyí tí ẹ máa rí lórí 14 íǹṣì tó jẹ́ 1920 nípa 1080. Kí Ìyá Ìbejì béèrè ìyẹn sà, torí T480 kan náà, wọ́n ṣe é ní olójú tó dáa, wọ́n sì tún ṣe é ní olójú 1366. Ìta wọn ò yàtọ̀.

Nígbà tí mo bá fẹ́ ya máàpù ńlá, mo máa ń fi wáyà HDMI so tèmi mọ́ móńítọ̀ àlòkù tí èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá dáwó rà. Móńítọ̀ kì í kúrò nílé, kò sẹ́ni tó ń gbé e rìn.

Bàbá Ìjàpó

Èyí yé mi. Ṣé móńítọ̀ náà ṣe é fi wo bọ́ọ̀lù?

Awọnlẹ̀ Kékeré

Ó ṣe é fi wò ó sà. Ìdí tí ẹnì kejì mi fi dáwó gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ẹ káàsán ma, ẹ kú oríire àwọn ìbejì. UNIMED ni mo wà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, torí náà ti Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ sọ.

Àwa kì í lo ohun tí àwọn ará FUTA ń lò. Ìwé PDF tó nípọn, slide, fídíò tó ń fi ẹ̀yà ara hàn, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìpàdé orí Zoom lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ìwádìí ọdún ìkẹyìn, SPSS, ètò tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìwádìí, ló máa wọlé, ìyẹn náà kò sì wúwo. RAM 8GB àti SSD 256GB ti tó Kẹ́hìndé títí yóò fi parí. Ohun tó yẹ kí owó rẹ̀ lọ sí ni bátìrì àti ìfúyẹ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ ọwọ́, aṣọ iṣẹ́ wà nínú báàgì, bàtà wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Kò tún sí ibi tí ó lè gbé láptọ́ọ̀pù sí tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

EliteBook 830 G5 ni mo ń lò. 13.3 íǹṣì ni, kò ju bíi 1.3 kg lọ, ó wọ inú báàgì ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí ó wo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ó tẹ ìpínrọ̀ kan lórí ẹ̀ ní ìsọ̀. Òun ló máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ọdún márùn-ún.

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ àti Awọnlẹ̀, ẹ máa rí ọmọ tí yóò ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ ra oríṣi méjì fún ìbejì mi báyìí. Kẹ́hìndé á gba èyí tó kéré, Táyé á gba èyí tó lágbára. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fojú mi rí lórí aṣọ ìparí sẹ́kọ́ńdìrì.

Òṣùmàrè

Ẹ lẹ sítíkà kan náà mọ́ ẹ̀yìn méjèèjì 😂

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ èyí. 830 G5 àti 840 G5, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọ̀ kan, ìrísí kan, ojú tiwọn ló fi díẹ̀ ju ara wọn lọ. Ihò RAM méjì ló wà nínú méjèèjì. Tí ọ̀kan bá sì gbàgbé ṣájà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìsinmi, ti èkejì á gbé e. Ẹ kò tún lè ra aṣọ ìbejì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ṣájà náà, torí àwọn èèyàn kì í kà á mọ́ ẹrù. Ṣájà 65W pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lè tó 300 giráàmù. Tí ẹ bá ra láptọ́ọ̀pù 1.3 kg, ohun tó wà nínú báàgì jẹ́ bíi 1.6 kg. Èyí tó ń gba iná láti ihò USB-C ló dáa jù, torí ṣájà kékeré kan lè gba fóònù àti láptọ́ọ̀pù pọ̀. Ẹ ṣọ́ra o, kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé iná wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà ki ṣájà bọ̀ ọ́ lójú yín, kí ẹ rí i pé àmì bátìrì yí padà.

Ọmọ Oǹdó ní Kánádà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfúyẹ́ àti bátìrì, MacBook Air M1 ti 2020 ló gba ipò kìíní. 1.29 kg ni, kò ní fáànù rárá, kì í pariwo, ẹlòmíì máa ń lò ó láti àárọ̀ di alẹ́ láì ki í bọ iná. Mo lè bá yín wá àlòkù níbí kí n fún ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Awọnlẹ̀ Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú òyìnbó. Fún Kẹ́hìndé, mi ò bá yín jà. Fún Táyé, rárá. ArcGIS Pro kò sí fún Mac, Civil 3D tí wọ́n fi ń yàwòrán ọ̀nà àti ilẹ̀ náà kò sí. AutoCAD wà fún Mac lóòótọ́, QGIS náà wà, àmọ́ nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń tẹ̀lé olùkọ́ lórí ArcGIS, kí ni ó máa máa wò?

Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Fún Kẹ́hìndé náà ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá rí M1 tó bọ́ sínú owó Màmá, mo gbà. Èyí tí wọ́n ń fi owó kékeré tà káàkiri níbí ni MacBook Air ti 2017, ìyẹn sì ti dúró sí macOS Monterey, ètò Mac tó ti gbó, kò lè kọjá ibẹ̀.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n Kánádà, tí ẹ bá máa rà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á yọ Apple ID rẹ̀ kúrò lójú yín. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin lásán lẹ fi ránṣẹ́ sílé.

Ti Windows náà ní irú ìdè bẹ́ẹ̀, ó sì pọ̀ nínú tòkunbọ̀ torí pé ilé-iṣẹ́ ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Oríṣi méjì ni mo máa ń bá pàdé. Èkíní ni ọ̀rọ̀ aṣínà BIOS, ètò tó máa ń jí kí Windows tó jí: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F10 fún HP, F2 fún Dell, F1 fún ThinkPad. Tó bá ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ aṣínà wá, tí ọlọ́jà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ dá a padà fún un. Èkejì burú jù ú lọ nítorí kì í fara hàn ní ìsọ̀. Orúkọ ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lọ́dọ̀ Microsoft. Ọlọ́jà á fi Windows sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo nǹkan á dáa. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá nù ún mọ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀, tó sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì á yọ sójú, á ní kí ó fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Níbo ló ti máa rí i?

Ẹ ní kí ọlọ́jà tún Windows bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì so ó mọ́ hotspot fóònù yín nígbà tó bá béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa gba àkókò. Ẹ ra gúgúrú jókòó.

Àǹtí Alágbàká

Bọ̀dá, ti bátìrì ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbá wa. Wọ́n á ní wákàtí márùn-ún, ẹ dé ilé, ogójì ìṣẹ́jú.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ má béèrè wákàtí lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`, kí ẹ tẹ Enter. Yóò kọ ojú-ìwé kan pamọ́, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá ìlà méjì: Design Capacity àti Full Charge Capacity. Àkọ́kọ́ ni iye tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, èkejì ni iye tó ń gbà lónìí. Bátìrì 840 G5 jẹ́ 50Wh ní tuntun, wọ́n á kọ ọ́ sí bíi 50,000 mWh. Tí ti òní bá jẹ́ 25,000, ìdajì ti lọ. Tí ó bá lé ní 40,000, ẹ lè bá a lọ.

Ẹ tún ṣírò rẹ̀ báyìí: láptọ́ọ̀pù irú èyí máa ń jẹ nǹkan bí 10W tí èèyàn bá ń kàwé tó ń tẹ̀wé. 40Wh á fún un ní wákàtí mẹ́rin. Tó bá ń wo fídíò tàbí tó ń lo AutoCAD, á dín kù dáadáa. Nítorí náà ẹni tó bá ṣèlérí wákàtí mẹ́wàá lórí tòkunbọ̀ fún yín, ẹ bi í pé ṣé inú oorun ló máa wà.

Mo fẹ́ràn T480 ní tèmi fún ìdí yìí. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí èèyàn lè fà yọ láì pa ẹ̀rọ. Ẹ lè ra èyí ẹ̀yìn kejì kí ẹ máa pààrọ̀. Ó wúwo díẹ̀ ju HP lọ, ó sì burẹ́wà, àwọn ọmọbìnrin kì í fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì Lọ́la

Ta ló sọ fún yín pé a kì í fẹ́ ẹ? 🙄

Awọnlẹ̀ Kékeré

Ọ̀rọ̀ iná ló mú mi padà wá. Ẹni tó bá ń gbé níta ọgbà, ní ìhà North Gate tàbí South Gate, gbọ́dọ̀ mọ bí òun á ṣe máa rí iná. Àwọn kan ń sanwó níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, àwọn kan ń gbé e lọ sí kíláàsì tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pé àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ jù ni àwọn tó ní power bank tó lè gbé láptọ́ọ̀pù. Ti fóònù lásán kò lè ṣe é. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ PD (Power Delivery, agbára gbígbé iná gba USB-C) àti 45W tàbí 65W sára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 20,000mAh jẹ́ bíi 74Wh, díẹ̀ á ṣòfò lójú ọ̀nà, èyí tó kù á kún bátìrì láptọ́ọ̀pù kan tán pátápátá. Àmọ́ òun náà ní ìwúwo tirẹ̀ ma, ó máa ń tó 400 giráàmù nígbà míì. Tèmi kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó ki láptọ́ọ̀pù bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré ní tààrà nígbà tí iná rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò. Mo ti rí ṣájà tó jóná.

Ọmọ Oǹdó ní Kánádà

Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, ńkọ́? Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, bátìrì rẹ̀ pẹ́.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

AutoCAD ti Windows kò wọ̀ ọ́, SPSS ti Windows kò wọ̀ ọ́, dátà ló sì ń jẹ. Gbogbo Chromebook ló sì ní ọjọ́ tí Google máa dá ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ dúró, àwọn àlòkù tí wọ́n ń tà fún wa sì ti sún mọ́ ọjọ́ náà tàbí kí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Rárá, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ní kí Kẹ́hìndé kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ Sátidé la máa lọ sí Àkúrẹ́, àwọn méjèèjì á bá mi lọ. Ọmọkùnrin yẹn ní òun náà ní EliteBook nílẹ̀, òun ò mọ̀ pé irú ìyẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ata lọ, ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín?

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ gbé e lọ, Màmá! Ẹ wọ̀n ọ́n tòun ti ṣájà. Ẹ wò ó, mo tiẹ̀ fẹ́ mọ iye tó máa jẹ́.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Kí Táyé ṣí Notepad kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Kẹ́hìndé ṣí ojú-ìwé funfun kan kí ó fẹ̀ ẹ́ kún ojú ẹ̀rọ, kí ó wá àbààwọ́n. Ẹ fi etí yín sún mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde: fáànù tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ ti gbó. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ pa á dé, kí ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ ń là níbi ìdè. Ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe fídíò fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wo iye tí bátìrì fi sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá kù díẹ̀ nínú owó yín, ẹ fi ra báàgì tó ní fóòmù nínú, okùn èjìká méjì, tí omi kì í wọ̀. Báàgì tó ń kọ́ èjìká kan ló ń dá Táyé lóró, kì í ṣe ìwé.

Bàbá Ìjàpó

Kí ó gba rìsíìtì o. Kì í ṣe bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà.

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà

Bàbá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ serial number ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sórí rìsíìtì, kì í ṣe "HP méjì" lásán. Nọ́ńbà náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó sì wà nínú BIOS. Ẹ wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbà láti tún ṣe.

Awọnlẹ̀ Kékeré

Tí Táyé bá ti rí ímeèlì ilé-ìwé gbà, kí ó fi í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Autodesk. Wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní AutoCAD lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, ó sì lè tún un gbà lọ́dọọdún. QGIS ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn, kí ó gbé e sórí ẹ̀rọ báyìí kí ó máa fi ṣeré kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó má gba AutoCAD lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí fláàṣì. Ibẹ̀ ni àwọn fáírọ́ọ̀sì tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ti ń wá.

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Táyé ní kí n bi ọ́: ṣé irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ òun láti àná, kí òun jù ú nù?

Awọnlẹ̀ Kékeré

Kí ó nù ún mọ́ kí ó máa fi gbé ìwé rẹ̀.